Ta Lo Ń Pè Ní "Ó"?

Olóòtù wa ní kí n kọ nǹkan fún àwọn tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ, pàápàá àwọn ọmọ ọdún kìíní tó máa ń dá wa dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa láti béèrè bóyá èèyàn lè máa kọ̀wé kó sì tún máa dé kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mi ò tíì tẹ ìwé kankan jáde. Ohun tí mo ní kò ju ìwé kan tí kò tíì parí, tó ti wọ 42,000 ọ̀rọ̀, àti ìjà kan láàárín èmi àti ìyá mi tí kò tíì tán pátápátá. Olóòtù ní ìjà yẹn gan-an ni kí n kọ. Òun náà ni mo kọ yìí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ bá mi fojú fo ibi tí mo bá ti ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ti mọ̀.

Ní 2022, nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Mo padà sílé ní Òṣogbo, sídìí ẹ̀rọ ìlọta ìyá mi. Bí ẹ ò bá tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìlọta rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àwọn tó fẹ́ lọ ẹ̀wà fún àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ló ń kọ́kọ́ dé ní àárọ̀, kí ata tó kan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn wọn ni ti ọlọ́bẹ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abọ́ ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé etí gọ́tà, kò sì sí orúkọ lára ìkankan. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ike aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti fọ́ ni ti ìyá ẹlẹ́wà, àti pé ìyàwó tuntun ilé kejì kì í fẹ́ kí ata rẹ̀ kúnná jù.

Ìwé ọlọ́gọ́ta ewé ni ìwé àwìn wa. Iwájú rẹ̀ là ń kọ gbèsè sí: ìyá ẹlẹ́wà, ₦350, ìyàwó tuntun, ₦200, Àlùfáà, ₦150, wọ́n ti san ₦100. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ ìtàn mi sí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, gbèsè àti ìtàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín.

Kì í ṣe òun ni ìtàn tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dá lórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́nù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi kọ ọ́. Èmi tí mi ò tíì rí ìrì dídì rí láyé mi ni mò ń ṣàpèjúwe bó ṣe ń dún lábẹ́ bàtà. Ojú-ìwé kọkàndínlógún ló kú sí. Ebi ló pa á. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún un jẹ. Nígbà tí mo padà sí Yorùbá, mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: mo sọ ara mi di Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938. Ní 2022, èmi náà tún ń kó ọdẹ wọgbó. Mo ka òwe tó wà ní ojú-ìwé mi àkọ́kọ́, ó jẹ́ mẹ́tàlá. Ó dà bí ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta lé ara wọn lọ síbi ìkómọ. (Nínú ìdánwò ẹ̀ka wa, "ó" la máa ń pe Fágúnwà, bí ẹni pé a jọ ta ayò. Ẹ fi èyí sọ́kàn.)

Ẹ̀kẹta wá wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń retí epo, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àwìn pé obìnrin kan ń fọ ẹ̀rọ ìlọta lóru. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá jí tó rí ojú rẹ̀, ata ni yóò rò pé ó fà á. Ìyẹn nìkan ni mo kọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ ẹni tó ni abọ́ kọ̀ọ̀kan. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kò lọ jìnnà láti wá ibùdó ìtàn fún Ó Le Kú, tó jáde ní 1974. Yunifásítì Ìbàdàn ló fi ṣe é: Àjàní, ọmọ ilé-ìwé, ń wá ìyàwó, ọ̀rọ̀ sì ń di rannto mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí ọba. Síbẹ̀, nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àní aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀ di ohun tí gbogbo ìlú ń rán. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan máa sọ pé ayé tiyín ò ládùn tó bẹ́ẹ̀. Ata kò ládùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ìjà yẹn.

Nínú oṣù keje, mo lọ ra epo. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rọ ti kú, abọ́ ata mẹ́sàn-án wà nílẹ̀, ìyá mi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé àwìn wà lórí itan wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí i sí.

"Ta ni obìnrin inú ìwé yìí?"

"Ìtàn àròsọ ni, Mọ́mì."

"Ìtàn àròsọ tó ń lọ ata?"

Mi ò fèsì. Wọ́n ṣí ewé kan síwájú.

"O ní mò ń sunkún lóru. Ó dáa, mo sunkún. O ní mo jẹ gbèsè. Ta ni ò jẹ gbèsè? Ṣùgbọ́n, 'ó dìde, ó tan iná, ó fọ ẹ̀rọ.' Ó! Ta lo ń pè ní 'ó'? Ṣé èmi àtìẹ la jọ lọ sílé ìwé ni?"

Oníbàárà kan tó ń dúró bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyẹn, pé nínú Bíbélì pàápàá, "ó" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run.

"Ọlọ́run ló dá ẹ," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo rọbí ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò sí asọ̀tàn tí kò lọ́jọ́ orí nínú èdè wa. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń sọ ìtàn lè dúró sójú òfuurufú, kí ó máa wo gbogbo èèyàn nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, kété tí ẹ bá ti kọ "ó" tàbí "wọ́n" fún àgbàlagbà kan, asọ̀tàn yín ti ní ọjọ́ orí, ó ti ní ìdílé, ó ti mọ ẹni tí òun ń kúnlẹ̀ kí. Ní ọdún kejì ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé "wọ́n" wà fún ọ̀pọ̀, ó sì tún wà fún ọ̀wọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi ṣáájú wọn.

Mo fẹ́ gbọ́ràn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ ilé náà ló ń sọ ìtàn, mo pa gbogbo "ó" àwọn àgbà rẹ́, mo fi "wọ́n" rọ́pò rẹ̀. Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà ti ń jà nínú yàrá kan ṣoṣo nítorí owó. Ohun tí ibẹ̀ dà nìyí: "Wọ́n ní kí wọ́n fún wọn ní owó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó wọn kò sí lọ́wọ́ wọn." Ẹni tó bá lè sọ ẹni tó jẹ ẹni ní gbèsè níbẹ̀, kó wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń já a, tí mo tún ń so ó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rí ọ̀nà. Àkọ́kọ́, kò sí ohun tó burú nínú kí a pe Ìyá Àgbà ní Ìyá Àgbà nígbà mẹ́fà lójú ìwé kan. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fa igi pupa sí irú ìyẹn. Etí Yorùbá kì í kọ̀ ọ́. Èkejì ni pé nǹkan tó wà lọ́wọ́ èèyàn lè ṣiṣẹ́ orúkọ. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lọ́wọ́ bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ dún, a ti mọ ẹni tó dìde. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìtàkùrọ̀sọ: bí ẹnì kan bá ń sọ "ẹ", tí èkejì ń dá a lóhùn pẹ̀lú "o", òǹkàwé ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo lè ju gbogbo "ó dáhùn pé" àti "ó fèsì pé" nù. Ojú-ìwé mi tín-ínrín lẹ́ẹ̀kan náà.

I. B. Thomas ti sá fún wàhálà yìí tipẹ́. Nígbà tó ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, "èmi" ni obìnrin náà fi ń sọ ọ́, bí lẹ́tà, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́. Bí "wọ́n" bá ń dà yín láàmú, ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀. Ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín ni pé ẹ ò ní lè mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn mọ́, àfi ohun tó bá sọ jáde tàbí tó bá hàn lójú rẹ̀.

Àwa ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ní irinṣẹ́ kan tí a ń fi ṣòfò sínú ìdánwò. "Òun" ni. Ẹ wo "Bọ́lá sọ pé ó máa lọ" àti "Bọ́lá sọ pé òun máa lọ." Nínú èkejì, Bọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ni a máa ń rò. Orí bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń lò ó ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé, mi ò sì ní fi iṣẹ́ àṣekágbá dà yín láàmú níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé mú níbẹ̀ ni pé "òun" lè dá rìn. Ẹ sọ "ó ń rò ó pé" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wá jẹ́ kó máa lọ: Kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ẹlẹ́sùsú? Ṣé òun á sọ pé ọkọ òun ló kó o ni? Abọ́ ata mélòó ni òun máa lọ kí owó yẹn tó pé? Kò sí àmì àyọlò, kò sí "ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé", síbẹ̀ a wà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ rántí ṣá pé tó bá jẹ́ àgbà ni, "àwọn" ni ọmọlúàbí asọ̀tàn máa lò: "Ìyá mi ní àwọn ò lọ mọ́." Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé inú orí kẹrin nìkan, níbi tí ọmọ tó ń sọ ìtàn ti sùn lọ, ni mo ti rí àyè lo "òun" fún ìyá. Kò sí ọmọ kankan tó ń wò wọ́n níbẹ̀.

Nípa òwe, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, òwe ń bẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn ló wà. Wọ́n ń fi í já ara wọn nírọ́, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí òwe bá wà lẹ́nu asọ̀tàn yín tí kò sí ẹni tó ń fi lu, ẹ yọ ọ́.

Àmì ohùn ńkọ́? Wọ́n ń bi mí léèrè èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mi ò kì í fi sí i, torí mo rò pé ó ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù méjì mo padà bá gbólóhùn kan tí mo kọ sórí fóònù: "O ta oko re." Ṣé oko rẹ̀ ni bàbá náà tà ni, àbí ọkọ̀ rẹ̀, àbí ọkọ́ rẹ̀? Tó bá sì jẹ́ ìyá ni mò ń sọ, a jẹ́ pé ó ta ọkọ rẹ̀, èyí tí kì bá tilẹ̀ burú fún ìtàn náà. Mi ò rántí èyí tí mo ní lọ́kàn títí di òní, mo sì fa gbogbo ìpínrọ̀ yẹn ya. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí Gboard, ọ̀fẹ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ á mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń rí àyè kọ ọ́: 250 ọ̀rọ̀ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, lórí fóònù, kí n tó wẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò mi ò kọ nǹkan kan, mi ò sì ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo máa ń ka ohun tí mo kọ sórí WhatsApp fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà, bí ẹni ń gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn bíi ti Thomas. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kà á. Etí ni mo fẹ́. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ ló ní àrùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi láìṣàánú pé oorun gbé òun lọ níbi tí mo ti ń ṣàpèjúwe ọjà. Ojú-ìwé mẹ́rin ni ọjà náà. Ó ti di ìlà mẹ́fà báyìí.

Sátidé kan ni mo ka orí keje fún wọn.

Mo ní láti sọ díẹ̀ nípa ilé wa níbí, ìyá mi sì ti fún mi láyè láti sọ ọ́ mọ níwọ̀n. Wọ́n ń gba èsúsú àwọn obìnrin àdúgbò wa nígbà kan. Nínú oṣù kejìlá ọdún kan, tó kù ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa pín owó, bàbá mi kó o, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣòwò. Òwò náà kò bí ọmọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìyá mi fi lọ ata kí wọ́n tó san án tán, wọn ò sì sọ fún ẹlẹ́sùsú kan ṣoṣo ibi tí owó gbà lọ. Nínú ìwé mi, ọmọ náà jí lóru, ó rí i bí bàbá ṣe ń tú agolo náà. Láti orí kìíní títí débẹ̀, "wọ́n" ló ń pe bàbá rẹ̀, kò yà á rí. Ìlà mẹ́ta tó parí orí keje nìyí: "Bàbá wọ bàtà wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ó jáde."

Kò sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí oorun ń gbé pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbi 'ó jáde' yẹn? Àyà mi já." Mi ò rò pé mo tíì kọ ohun tó dára tó lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn.

Ní ìsinmi Kérésì tó kọjá, mo gbé fóònù fún ìyá mi kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí, wọ́n tún gbọ́ ìparí náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á ní kí n yọ ti èsúsú, pé aráyé á mọ̀. Wọn ò mẹ́nu ba èsúsú.

"Dá 'wọ́n' bàbá ẹ padà."

Mo ní ọmọ inú ìwé ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

"Ọmọ inú ìwé náà, ta ló tọ́ ọ?"

Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Owó mi ni wọ́n kó, kì í ṣe owó tìẹ. Èmi tí wọ́n kó owó mi, mi ò tíì pè wọ́n ní 'ó' rí."

Ọ̀rẹ́ kan ní kí n má dá wọn lóhùn, pé òǹkọ̀wé tó bá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò ní kọ nǹkan gidi láyé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò gbàṣẹ kí n tó kọ ọ́, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá béèrè ni, orí keje ò ní sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọgbẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣáájú ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an ni pé ó ṣeé ṣe kí ìyá mi mọ ìtàn náà jù mí lọ. Obìnrin tí wọ́n kó lówó, tó sì ń bá a lọ láti sọ "wọ́n", ju ọmọ tó bínú lọ láti kọ nípa rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, orí keje mi ti gba ibi tó rọrùn. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ọmọ náà jàre. Orí keje méjì ló wà lórí fóònù mi báyìí, ọ̀kan ní "ó", ọ̀kan ní "wọ́n", mo sì ti ka méjèèjì sókè débi pé etí mi ò mọ̀yàtọ̀ mọ́. Mo ti ń kọ orí kẹjọ lọ ní tèmi.

Wọ́n pè mí lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n béèrè iṣẹ́ àṣekágbá mi, wọ́n ní bẹ́líìtì ẹ̀rọ tún ti já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, ọmọ inú ìwé yẹn ńkọ́, ṣé ó ti kí bàbá rẹ̀?

Mo ní kò tíì kí wọn.